Irọ́ ni pé function tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ló dára jù

Láàrin àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣàgámù àti Àgọ́-Ìwòyè, ìgbàgbọ́ kan ti ta gbòǹgbò. Wọ́n ní kóòdù tó bá ti fara hàn lẹ́ẹ̀mejì, kí a tètè sọ ọ́ di function aṣèrànwọ́ (apá kóòdù tí a fún lórúkọ, tí a lè máa pè lò), kí a fẹ̀ ẹ́ kó lè gba iṣẹ́ yòówù, kí a sì kó o sínú fáìlì kan tó ń jẹ́ utils.py. Bí fáìlì yẹn bá ṣe ń gùn sí i ni wọ́n ṣe ń rò pé ẹni tó ni ín mọṣẹ́ sí i. Mo fẹ́ràn ìtara àwọn ọmọ wọ̀nyí gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ gbangba: kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí function bá ṣe fẹ̀ tó ni àṣìṣe ṣe ń rí ibi sá pamọ́ sí nínú rẹ̀.

Ẹ wo èyí. Ẹnì kan ń to orúkọ àwọn ìlú wa, ó sì fẹ́ yọ "Ijebu-" kúrò níwájú wọn. Ó kọ function kan tó pè ní yo_iwaju, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju lstrip, irinṣẹ́ Python tó ń gé iwájú ọ̀rọ̀, lọ. Ó dán an wò pẹ̀lú "Ijebu-Ode", "Ode" ló jáde. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé e sí utils.py, ó ní kí gbogbo èèyàn máa lò ó fún iwájú ọ̀rọ̀ yòówù. Àmọ́ ẹ fi "Ijebu-Igbo" sí i, "gbo" lẹ máa rí. Ẹ fi "Ijebu-Ife" sí i, "fe" ló máa fún yín. Kí ló fà á? lstrip kì í wo ohun tí a fún un bí odidi ọ̀rọ̀. Lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń wò: I, j, e, b, u àti àmì ìsopọ̀. Láti iwájú ni yóò ti máa já lẹ́tà yòówù tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn dànù, títí yóò fi kan èyí tí kò sí lára wọn. Bí I tó bẹ̀rẹ̀ Igbo ṣe bá wọn lọ nìyẹn. "Ijebu-Mushin" yè ní tirẹ̀, torí pé M kò sí lára wọn. Ẹni tó fi Òde àti Mushin nìkan dán an wò á fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ òun pé.

Ó pẹ́ tí àṣìṣe yìí ti ń mú àwọn tó ń lo Python káàkiri ayé. Nígbà tí Python 3.9 jáde ní 2020, wọ́n fi removeprefix sí i, tó ń yọ odidi ọ̀rọ̀ náà gan-an, tí kì í sì fọwọ́ kan ohun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí mo ń bá nínú utils.py àwọn èèyàn ṣe rí: èdè náà ti ní in. Ẹni tó fẹ́ ka iye ìgbà tí nǹkan fara hàn, Counter wà nínú collections. Ẹni tó fẹ́ fi òdo síwájú nọ́ńbà, zfill wà.

Ibi tó ti dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ká ní ẹ ń kọ ètò fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní agbègbè Òkè-Ajé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń yáwó, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe: ọkọ̀ ni ti ẹnì kan, oko ni ti ẹlòmíràn, ẹnì kẹta fẹ́ ra ọkọ́ àti àdá. Ìṣòro gidi kan wà níbẹ̀. Fóònù kan lè tẹ ọ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, kí kọ̀ǹpútà mìíràn tẹ̀ ẹ́ bíi o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú wa kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n Python á ní wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kódà bí ẹ bá bi í bí ọ̀ ṣe gùn tó, ó lè dá yín lóhùn pé 2, ó sì lè ní 3.

Oògùn rẹ̀ kò le: unicodedata.normalize pẹ̀lú "NFC", tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí gbogbo wọn wà ní ìlànà kan. Ṣùgbọ́n function tí àwọn èèyàn máa ń dà kọ, tí wọ́n ní ó ń nu ọ̀rọ̀ fún gbogbo èdè, "NFD" ló ń lò. Ó ń tú lẹ́tà sí wẹ́wẹ́, á wá kó gbogbo àmì dànù, àti ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ọkọ̀, ọkọ́ àti oko á di "oko" kan náà. Bí akọ̀wé bá fẹ́ mọ iye tí ẹgbẹ́ yá àwọn àgbẹ̀ lọ́dún yìí, owó mọ́tò á ti wà nínú rẹ̀, kò sì sí àmì kankan tí yóò sọ fún un.

Bí ẹnì kan bá wá rí i, ṣé yóò kọ function mìíràn? Rárá, yóò fi àṣàyàn kún ti tẹ́lẹ̀: fi_ami_sile=True. Ẹnì kejì á fi si_kekere kún un, ẹlòmíràn á fi yo_aaye, títí wọn yóò fi pé mẹ́rin. Àṣàyàn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ti di ọ̀nà 16 tí function kan lè gbà hùwà, mi ò sì tíì rí ẹni tó dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Sandi Metz, àgbà nínú àwọn tó ń lo èdè Ruby, ti ń sọ ọ́ láti 2014 pé kí kóòdù tún ara rẹ̀ kọ sàn ju kí a fi ìpapọ̀ tí kò yẹ so ó mọ́lẹ̀ lọ. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ tọkàntọkàn.

Àwọn kan á ní kí a kúkú máa lo ti àwọn ẹlòmíràn. Ní March 2016, ẹni tó kọ left-pad, function onílà 11 ní èdè JavaScript tó ń fi àmì kún iwájú ọ̀rọ̀ kó lè gùn tó bí a ṣe fẹ́, yọ ọ́ kúrò lórí npm, ibi tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń gba iṣẹ́ ara wọn lò. Iṣẹ́ àwọn tó gbára lé irinṣẹ́ bíi Babel àti React dúró káàkiri ayé títí wọ́n fi dá a padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, padStart, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wọ inú èdè náà fúnra rẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Ẹni tó gbé function aṣèrànwọ́ láti JavaScript wá sí Python, kó ṣọ́ra. Math.round(2.5) ń fúnni ní 3 níbẹ̀, round(2.5) ń fúnni ní 2 níbí, torí pé bí nǹkan bá dé ìdajì gẹ́lẹ́, Python ń lọ sí nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì. Èlé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi irú èyí ṣe. Ẹ lo decimal, irinṣẹ́ Python fún ìṣirò tó péye, kí ẹ sì kọ ìlànà tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí síbẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ má kọ function aṣèrànwọ́ o. Èyí tó ń ṣe iṣẹ́ kan, tí orúkọ rẹ̀ sọ iṣẹ́ náà, tó sì wà nítòsí ibi tí a ti ń lò ó, ìrànlọ́wọ́ gidi ni. Kóòdù tó hàn lẹ́ẹ̀mejì lè dúró bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀ẹ̀kẹta, kí a lè mọ̀ bóyá ohun kan náà ni lóòótọ́ tàbí wọ́n kàn jọra.

Ẹ ṣí utils.py yín lálẹ́ òní, kí ẹ fi grep (irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì) wá orúkọ function kọ̀ọ̀kan. Èyí tí fáìlì kan ṣoṣo ń pè, ẹ dá a padà sínú fáìlì yẹn. Èyí tí Python ti ní, ẹ pa á rẹ́. Èyí tí àṣàyàn rẹ̀ ti pọ̀, ẹ pín in. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ kọ ìdánwò fún un kí ẹ tó tún fi iṣẹ́ mìíràn kún un.