Àtúnṣe: aláboyún tí ìtọ̀ kò ta náà lè ní àrùn

Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp l'Ábẹ́òkúta pé aláboyún tí ìtọ̀ kò bá ta kò nílò àyẹ̀wò ìtọ̀, pé bí oògùn kan kò bá sì ràn án, kó ra èyí tó le jù ní kẹ́míìsì ní Kútọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀.

Kòkòrò bakitéríà lè wà nínú ìtọ̀ aláboyún láìta á rárá, kó sì gòkè dé kíndìnrín. Páálí tí nọ́ọ̀sì ń rì bọ ìtọ̀ lè fura sí i, ṣùgbọ́n kò lè sọ oògùn tó máa pa á. Ilé àyẹ̀wò ló máa gbin ìtọ̀ náà kí kòkòrò hù, kí wọ́n tó fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò. Ó máa ń tó ọjọ́ 2 sí 3. (Bí oògùn kan kò bá ṣiṣẹ́ mọ́, kòkòrò náà ni kò ràn mọ́ o, kì í ṣe ara ìyá.)

“Èyí tó le jù” yẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù: tetracycline, ọ̀kan nínú àwọn oògùn apakòkòrò, lè ba eyín ọmọ inú jẹ́.

Ẹ gbé ìtọ̀ sílẹ̀ fún ilé àyẹ̀wò kí ẹ tó gbé oògùn apakòkòrò kankan mì. Bí oògùn bá ti wọlé, kòkòrò lè má hù mọ́, èsì á sì tan yín jẹ.