Kásẹ́ẹ̀tì VHS kì í di 4K torí pé ó wọ inú kọ̀ǹpútà

Bí ẹ bá ní kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú àtijọ́ nílé, ó ṣeé ṣe kí irú ìpolówó yìí ti kan yín lára lórí WhatsApp: ẹ gbé e wá, a ó sọ ọ́ di HD, ẹ fowó kún un, a ó sọ ọ́ di 4K. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà á gbọ́. A rò pé àwòrán tó mọ́ kedere ti wà lórí téèpù náà tẹ́lẹ̀, pé kọ̀ǹpútà ló kù tí yóò tú u sílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí kámẹ́rà kò kọ sórí téèpù lọ́jọ́ òde, kò sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sì ríbi tí yóò ti mú un wá.

VHS, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ńlá tí ilé-iṣẹ́ JVC gbé jáde ní Japan lọ́dún 1976, kì í gbé ju nǹkan bí 240 ìlà lọ bí àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ìyẹn ni pé láti etí òsì àwòrán dé etí ọ̀tún, nǹkan bí 320 àmì lojú lè yà sọ́tọ̀. Video8, kásẹ́ẹ̀tì kékeré inú kámẹ́rà àfọwọ́gbé, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jù ú lọ. Hi8 àti S-VHS, tí wọ́n jẹ́ àtúnṣe sí àwọn méjèèjì, ń dé nǹkan bí 400. Ti àwọ̀ ló wá burú jù: nǹkan bí 40 ìlà péré ni VHS fi ń kọ ọ́. Ẹ tẹjú mọ́ gèlè pupa nínú fídíò òwàm̀bẹ̀ àtijọ́. Pupa yẹn kì í dúró sí etí gèlè, ó máa ń ṣàn kọjá lọ sára ògiri ẹ̀yìn. Ẹ má rò pé ọjọ́ ló gorí ọjọ́ tó fi rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti yà á.

Téèpù PAL, irú èyí tí a lò ní Nàìjíríà àti ní Ìlú Ọba, tí a bá gbà á sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, férémù kọ̀ọ̀kan rẹ̀, ìyẹn àwòrán kan ṣoṣo nínú fídíò, jẹ́ 720 lọ́nà 576. Píksẹ́lì 414,720 nìyẹn, àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Férémù 4K jẹ́ 3840 lọ́nà 2160, tí í ṣe 8,294,400. Ẹ pín èyí sí tọ̀hún, 20 géérégé ni. Nínú gbogbo píksẹ́lì 20 tí wọ́n tà fún yín, 19 ni sọ́fítíwia méfò. Gàrí ife kan ni, bó ti wù kí omi tí ẹ bù sí i pọ̀ tó.

Wọ́n á ní AI ti dé, pé ó ń tún ojú ènìyàn ṣe. Ó ń tún un ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ta ni? Ó ń ya ojú tó jọ ojú tó ti rí níbòmíì lé orí ojú ìyá yín. Pélé tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá àgbà lè di ìdọ̀tí lójú rẹ̀, kó sì nù ún kúrò. Ihò inú léèsì náà, ó lè fi èyí tó wù ú dí i. Bí ẹ bá fẹ́ fi ṣeré, ẹ máa ṣe é lọ. Ẹ má ṣáà pè é ní fídíò ọjọ́ náà.

Ibi tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ń ba nǹkan jẹ́ gan-an wà lọ́tọ̀, wọn kì í sì í sọ ọ́. PAL ń fi férémù 25 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n ìdajì-ìdajì ni kámẹ́rà ń ya ọ̀kọ̀ọ̀kan: àwọn ìlà kan kọ́kọ́ wọlé, ìyókù tẹ̀ lé e lẹ́yìn ìdá 50 ìṣẹ́jú àáyá. Interlace ni wọ́n ń pè é. Nítorí náà, ìgbà 50 ni ọwọ́ onílù ń yí padà lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, kò sì sí ìṣòro. Lójú kọ̀ǹpútà, ìdajì méjèèjì bọ́ síra wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹgọ́ onígángan á wá hu eyín bíi ti ìyàrun. Oníṣọ́ọ̀bù tó ń kánjú á ju ìdajì kan nù, tàbí kó pò wọ́n pọ̀, kó tó fẹ̀ ẹ́ sí 4K. Ó ti gba ìdajì ìrìn àwòrán lọ́wọ́ yín, ó sì tún gbowó lé e. Ohun tó tọ́ ni kí a gbà á sílẹ̀ pẹ̀lú interlace rẹ̀, lẹ́yìn náà kí a sọ ìdajì kọ̀ọ̀kan di odindi férémù, kó máa sáré ní 50. Sọ́fítíwia tó ń ṣe é wà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ fífún fáìlì pọ̀ náà nìyí. H.264, ọ̀nà tí a sábà fi ń fún fídíò pọ̀, ń dín fáìlì kù nípa pé kì í tún ohun tí kò yí padà kọ. Àmọ́ lórí VHS, ògiri tó dúró jẹ́ẹ́ pàápàá kún fún tóótòòtó tó ń jó, férémù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Tóótòòtó yẹn ló ń jẹ àyè tán, ojú àwọn èèyàn á wá di búlọ́ọ̀kù-búlọ́ọ̀kù. Ìdí nìyẹn tí fífún un pọ̀ fi gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí a bá ti fọ àwòrán mọ́ díẹ̀. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni kó sanra: nínú àwọn ọ̀nà tí a fi ń tọ́jú fídíò, DV ń gba nǹkan bí GB 13 fún wákàtí kan, FFV1 tí kì í gé ohunkóhun dànù sì ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látinú rẹ̀ lẹ ó ti máa yọ èyí tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sí ẹbí. Ọ̀pọ̀ wáyà USB olówó pọ́ọ́kú tí a fi ń gba téèpù sínú kọ̀ǹpútà ń fún un pọ̀ kí ó tó dé orí díìsìkì rárá, kò sì sí bí ẹ ó ṣe yí i padà mọ́.

Ẹ̀rọ tí a fi ń lu téèpù náà ló yẹ kí owó yín lọ sí. Hẹ́ẹ̀dì tó mọ́, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ fi ń ka téèpù, wáyà S-Video dípò wáyà aláwọ̀ ìyeyè bí ẹ̀rọ bá ní in, àti TBC, ohun èlò tí ń mú etí àwòrán tó ń gbọ̀n dúró. Àlòkù ni ẹ ó rà o, torí ilé-iṣẹ́ Funai tó ṣe ẹ̀rọ VHS kẹ́yìn ti dáwọ́ dúró ní July 2016. Téèpù tí ẹ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ láti Houston, NTSC ni, ètò tẹlifíṣọ̀n ti Amẹ́ríkà tó yàtọ̀ sí PAL, ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà gbà á. Èyí tó ti hu funfun, ẹ má ti i bọ inú ẹ̀rọ kankan: èbu ni, yóò ran hẹ́ẹ̀dì.

Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì ṣe, ẹ bi í ní ẹ̀rọ tó fi ń lù ú, ẹ bi í bóyá TBC wà níbẹ̀, kí ẹ sì ní kó fún yín ní ẹ̀dà 720 lọ́nà 576 tí kò tíì fọwọ́ kàn. Bí kò bá ní in, ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì yín padà sílé.