Ẹ Ṣí Ìwé Owó Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Ní Kí Òṣìṣẹ́ Fara Dà Á

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn ọ̀gá nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì: "Ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo wa, ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sowọ́ pọ̀." Ọ̀rọ̀ dídùn ni. Ẹ kàn wo ìgbà tí wọ́n ń sọ ọ́ ni. Nígbà tí èrè wọlé, wọn ò pe òṣìṣẹ́ síbi tí wọ́n ti pín in. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, ara pátákó ìkéde ni ọgọ́rùn-ún èèyàn náà ti kà á. Ọjọ́ tí iṣẹ́ dúró ni gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ọ̀kan. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Lójú tiwa, irú orí fífá bẹ́ẹ̀ ń bí ìyanṣẹ́lódì ju owó oṣù tó kéré lọ.

Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan wà ní ìlú Fremont, ní California, tí ó yẹ kí gbogbo ọ̀gá mọ ìtàn rẹ̀. General Motors ló ni ín. Ìjà kì í tán níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí òṣìṣẹ́ kọ lórí ọ̀gá kún bí òkè, wọ́n ń daṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, àwọn kan ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mìíràn sì wà tí nǹkan bí 20 nínú 100 wọn kì í yọjú rárá. Ní 1982, General Motors ti ibẹ̀ pa. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nígbà náà ni pé òṣìṣẹ́ burúkú ló kún ibẹ̀, àti pé ẹgbẹ́ wọn ló ba iṣẹ́ jẹ́.

Ní 1984, Toyota àti General Motors jọ ṣí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà padà, wọ́n pè é ní NUMMI. Ta ni wọ́n gbà síṣẹ́? Àwọn "òṣìṣẹ́ burúkú" ọjọ́sí ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹgbẹ́ UAW tó ń ṣojú wọn tẹ́lẹ̀ ló sì tún ṣojú wọn. Àwọn aláṣẹ ló yí ọwọ́ padà. Wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò ní dá òṣìṣẹ́ dúró àfi tí ọ̀rọ̀ bá le kọjá bẹ́ẹ̀, àti pé owó oṣù àwọn ọ̀gá ni yóò kọ́kọ́ wálẹ̀ kí wọ́n tó dé orí ìyẹn. Okùn kan wà níbi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ yòówù lè fà bó bá rí àṣìṣe. Tí wọn ò bá tètè rí i tún ṣe, gbogbo iṣẹ́ á dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí kò fẹ́ gbọ́ pé iṣẹ́ dúró ìṣẹ́jú kan, ẹ ó mọ bí ìyẹn ti tó.

Kò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ tí ọkọ̀ tó ń jáde níbẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti Japan dọ́gba. Àwọn tó ń pa iṣẹ́ jẹ dín sí bí 3 tàbí 4 nínú 100. Nígbà tí ọjà kò tà mọ́ lápá ìparí àwọn ọdún 1980, wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí àwọn tí iṣẹ́ wọn dínkù lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. A ò sọ pé àjídèwe ni o. NUMMI kógbá wọlé ní 2010, lẹ́yìn tí General Motors ti wọko gbèsè tó sì yọ ọwọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe kékeré fún ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti sin tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní ipá ló yẹ kí ọ̀gá máa lò fún òṣìṣẹ́ tó bá yanṣẹ́ lódì. Ní August 1981, Ronald Reagan, ààrẹ Amẹ́ríkà, lé àwọn òṣìṣẹ́ tó ń darí lílọ bíbọ̀ ọkọ̀ òfurufú tí wọ́n yanṣẹ́ lódì. Wọ́n lé ní 11,000. Lóòótọ́, òfin kò gba irú wọn láyè láti daṣẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ wọn sì tú ká. Nígbà tó di 1987, àwọn tí wọ́n gbà rọ́pò wọn dìbò, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ààrẹ kan náà ló ṣì wà lórí oyè.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá ní kí ọ̀gá ṣí ìwé, kí òun náà ṣí tirẹ̀: iye owó ẹgbẹ́, ibi tó ń gbà lọ, àti iye ìbò tó gbé ìyanṣẹ́lódì wọlé. Àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, láti 1984 sí 1985, láìdìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ní Nottinghamshire ní nígbà tí wọn ò ti dìbò, àwọn ò ní daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ wọn. Bí ẹgbẹ́ náà ṣe fọ́ nìyẹn.

Ohun tí à ń béèrè kì í ṣe àlá. Láti 1976 ni òfin Jámánì ti sọ pé ilé-iṣẹ́ ńlá tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ju 2,000 lọ gbọ́dọ̀ fún àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ ní ìdajì àga nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ àwọn alákòóso. (Bí ìbò bá dọ́gba, ti alága ló borí, ọwọ́ àwọn olówó ni alága sì sábà máa ń wà. Wọn ò ṣàì di èèkù idà mú.) Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní 2009, ó lé ní mílíọ̀nù kan òṣìṣẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ wọn kù dípò kí wọ́n lé wọn, ìjọba sì ń fi owó díẹ̀ dí i fún wọn. Ó rọrùn láti gba irú ìyà bẹ́ẹ̀ mọ́ra nígbà tí èèyàn tìẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ka ìwé owó.

Ẹ má ṣe ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ ìyanṣẹ́lódì kí ẹ tó bá a jókòó. Nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn agbanisíṣẹ́ Sweden tọwọ́ bọ ìwé ní Saltsjöbaden ní 1938, wọ́n fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa dúnàá-dúrà. Kò sí ìkankan nínú wọn tó kó ohun ìjà rẹ̀ jù nù.

Ilé-iṣẹ́ tó bá ń gbèrò owó oṣù ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ báyìí, kí ó fi ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, pẹ̀lú iye tí àwọn ọ̀gá ń gbà. Kí ẹgbẹ́ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni kí wọ́n jókòó.