Àwòrán èrè kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn mọ ọjà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí ẹnì kan bá ti gbé àwòrán àkáǹtì tó fi ń ra ìpín ìdókòwò sórí ayélujára, tí èrè sì hàn gedegbe níbẹ̀, ó ti pa àwọn oníyèméjì lẹ́nu mọ́. Àwọn tó ń ṣọ́ra pàápàá á ní ayédèrú àwòrán nìkan ló yẹ ká bẹ̀rù: bí àwòrán bá ti jẹ́ ojúlówó, ká máa tẹ̀lé e lọ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè máa sọ òótọ́ inú rẹ̀, kí iye tó ń kà fún wa má sì tọ̀nà.

Ẹ gbọ́ ti àwọn ìyá àgbà kan ní Beardstown, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń dá owó lóṣooṣù, wọ́n sì ń fi ra ìpín ìdókòwò. Wọ́n kéde pé láti 1984 sí 1993, èrè àwọn jẹ́ ìdá 23.4 nínú 100 lọ́dọọdún. Òkìkí wọn kàn, ìwé tí wọ́n kọ sì tà wàràwàrà. Nígbà tó di 1998, ilé iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò owó Price Waterhouse tún ìṣirò náà ṣe, ìdá 9.1 ló jáde. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà, ẹni tó ra gbogbo ilé iṣẹ́ inú S&P 500, àkójọ ilé iṣẹ́ ńláńlá bí 500 ní Amẹ́ríkà, pọ̀, tí kò tún fọwọ́ kàn án mọ́, jèrè bí ìdá 14.9.

Owó tí wọ́n ń dá lóṣooṣù ni wọ́n kà mọ́ èrè. Bí 1,000 dọ́là bá wà nínú àkáǹtì yín, tí ẹ tún fi 500 kún un, 1,500 ni fóònù máa fi hàn, bẹ́ẹ̀ ọjà ò tíì fún yín ní nǹkan kan. Ìdí nìyí tí n kì í fi í sáré pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́ nítorí iye tó kà. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ iye tí wọ́n jèrè ní ti gidi, nítorí wọn ò kọ ọjọ́ tí owó tuntun wọlé sílẹ̀ rí.

Ká tiẹ̀ ní ìṣirò náà pé pérépéré. Ẹ kó ènìyàn 1,024 jọ, kí ìdajì wọn sọ pé ọjà á gòkè lọ́sẹ̀ yìí, kí ìdajì sọ pé á wálẹ̀. Ẹ ní kí àwọn tó ṣì í lọ jókòó, kí ẹ tún pín àwọn tó kù sí méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣẹ́kù, ẹni tí kò ṣì í rí. Kò mọ nǹkan kan ju àwọn 1,023 yòókù lọ, àmọ́ àwòrán tirẹ̀ la máa rí, nítorí àwọn tó pàdánù ti dákẹ́, wọ́n sì ti pa ohun tí wọ́n kọ rẹ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni èrè tó jẹ́ òótọ́, tó sì jẹ́ pé àpò àwa tí à ń kàwé rẹ̀ ló ti jáde. Ní ọdún 2000, SEC, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan ọmọ ọdún 15 kan ní New Jersey. Wọ́n ní á ra ìpín ilé iṣẹ́ kéékèèké, á wá fi oríṣiríṣi orúkọ kọ ọ̀rọ̀ ìyìn nípa wọn káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń dù ú rà, tí iye rẹ̀ ń lọ sókè, òun á tà. Ó gbà láti dá 285,000 dọ́là padà. Bí ó bá ya àwòrán àkáǹtì rẹ̀ nígbà náà, ojúlówó ni.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí n ra ìpín kan, ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ rà á ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà mo máa ń wá àwọn èyí tó sọ lọ́dún tó kọjá tí kò bọ́ sí i. Bí n kò bá rí ẹyọ kan, owó mi ò ní kúrò níbi tó wà.