Ìdìbò Tí Gómìnà Kì Í Pàdánù

Àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀ Èkó ti ka èsì ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025 tán, a kò sì tíì rí ẹnì kan tó ní ó ya òun lẹ́nu. Ẹgbẹ́ APC ló kó gbogbo ipò alága 57, òun náà ló ní 375 nínú ipò káńsẹ́lọ̀ 376. Ẹyọ kan tó ṣẹ́ kù, wọ́ọ̀dù kan ní Yaba, ni PDP rí mú lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó wá gba ẹnu àwọn alátìlẹ́yìn ìjọba látìgbà náà ni pé àwọn ará Èkó ló fọwọ́ ara wọn ṣe ara wọn, pé wọ́n jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò, àti pé ẹni tí kò dìbò kò lẹ́nu láti ráhùn. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó sọ ìdìbò di ohun tí kò yẹ ní jíjáde fún ni ẹ̀bi náà wà, ìwé ìròyìn yìí sì ti sọ ibi tí àtúnṣe wà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: kí a gba ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àjọ tí gómìnà yàn.

Ẹni tó bá jáde lọ́jọ́ Sátidé náà mọ ohun tí à ń sọ. Ọlọ́pàá ti kéde pé kí ọkọ̀ má rìn láti aago mẹ́ta òru títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, ojú títì sì dá páropáro, àwọn ọmọ àdúgbò to òkúta méjì-méjì, wọ́n sọ ọ́ di pápá bọ́ọ̀lù. Ní ibùdó ìdìbò, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ jókòó ti àpótí ìbò lábẹ́ agbòòrùn, wọ́n ń tẹ fóònù, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ sì ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ nítorí kò sí olùdìbò tí wọn ì bá máa ṣọ́. Àwọn tí ilé wọn kọjú sí ibùdó gan-an, tí wọn kò nílò ọkọ̀ kankan kí wọ́n tó débẹ̀, ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé.

Àwọn onímọ̀ ìṣèlú tó ń ṣèwádìí ìwà olùdìbò ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i, láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn, pé èèyàn máa ń jáde dìbò nígbà tó bá gbà pé ìbò òun lè yí nǹkan padà, nígbà tí ìdíje bá le tí kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ti wọlé. Bí èsì bá ti hàn kí wọ́n tó tẹ̀ka, ńṣe ni ìlà á máa kúrú sí i. Nílẹ̀ wa, iye tó ń dìbò ààrẹ ti wálẹ̀ láti nǹkan bíi 69 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún 2003 sí nǹkan bíi 27 lọ́dún 2023, nígbà tí ìbò tí wọ́n dì kò pé mílíọ̀nù 25 nínú orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 93 tó wà nínú ìwé. (Gbogbo wa la mọ̀ pé ìbò tí olùdìbò kankan kò dì wà nínú iye ti ọdún 2003 yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò, ìjábọ́ náà ṣì burú.) Bí ìdìbò ààrẹ tí gbogbo ayé ń wò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ẹnikẹ́ni ń retí lọ́jọ́ tó bá jẹ́ pé àwọn tí gómìnà yàn ni yóò ka ìbò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ gómìnà?

Olùdìbò tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ yìí kò gọ̀. Ní Ọ̀yọ́, lọ́jọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, Bọ́lá Tinubu ti APC ní ìbò 449,884, Atiku Abubakar ti PDP ní 182,977, APC sì gba ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ará Ọ̀yọ́ kan náà fún Ṣèyí Mákindé ti PDP ní ìbò 563,756, ẹni tí APC fà kalẹ̀ kò sì rí tó ìdajì rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ààrẹ yẹ̀ wò lọ́tọ̀, wọ́n gbé ti gómìnà yẹ̀ wò lọ́tọ̀. Nígbà tó wá di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, tí àjọ ìpínlẹ̀ gbé ìdìbò tirẹ̀ kalẹ̀, ẹgbẹ́ gómìnà gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ibo ni àwọn tó dìbò fún APC lọ́dún tó ṣáájú wá wọlé sí?

Ní Èkó, Peter Obi ti ẹgbẹ́ Labour ní ìbò 582,454 lọ́dún 2023, Tinubu tó ni ilé ní 572,606; Eti-Ọ̀sà àti Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin sì rán ọmọ ẹgbẹ́ Labour lọ sí Ilé Aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Òótọ́ ni pé Labour ti fi ìjà tú ara rẹ̀ ká látìgbà náà, ẹgbẹ́ tó sì ń bá ara rẹ̀ jà kò lè retí ìkórè púpọ̀. Ṣùgbọ́n kó má rí wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo mú nínú 376 kọjá ohun tí ìjà abẹ́lé lè ṣàlàyé.

Bí ẹnì kan bá ní bí Èkó ṣe ń ṣe nìyẹn, kó wo àwọn aládùúgbò. Èkìtì, oṣù Kejìlá ọdún 2023, APC ló kó gbogbo ipò alága. Ògùn, oṣù Kọkànlá ọdún 2024, 20 nínú 20, APC. Oǹdó, oṣù Kìíní ọdún 2025, 18 nínú 18, APC. A ti sọ ti Ọ̀yọ́, níbi tí PDP ti ń ṣe ìjọba nígbà náà. A mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan lè na òmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ìpínlẹ̀: lọ́dún 2014, Ayọ̀ Fáyóṣé na Káyọ̀dé Fáyẹmí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16 Èkìtì, Fáyẹmí tó wà lórí oyè sì kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n gómìnà ni wọ́n nà lọ́jọ́ yẹn. Nínú ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ tí a ń kà yìí, kò sí gómìnà kan tí wọ́n nà.

Ọ̀ṣun ló tú àṣírí náà pátápátá. Lọ́jọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ará Ọ̀ṣun fi ìbò 403,371 gbé Adémọ́lá Adélékè ti PDP wọlé, Gbóyèga Oyètọ́lá ti APC tó wà lórí oyè sì ní 375,027. Ní oṣù Kẹwàá, kí Oyètọ́lá tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, àjọ tó yàn ṣe ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀: APC kó gbogbo rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ tí Adélékè yàn ṣe tirẹ̀: PDP kó gbogbo rẹ̀, 30 nínú 30. Ẹni tó bá gbà pé ọkàn àwọn ará Ọ̀ṣun ló ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún bẹ́ẹ̀, kó dìde dúró kó ṣàlàyé fún wa. Wọ́n ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lórí ta ni yóò jókòó sí ọ́fíìsì káńsù, àwọn òṣìṣẹ́ ti sá fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì dá owó ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà dúró, nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń fi ìwé ìdájọ́ na ara wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ẹni tó bi olùdìbò Ọ̀ṣun ní ìbéèrè kankan tó lè dáhùn.

Ibi tí èyí ti ń wá kò fara sin. Abala 197 ìwé òfin ọdún 1999 dá àjọ elétò ìdìbò sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Abala 198 ní kí gómìnà yan alága àti ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì buwọ́ lù ú, ilé tí gbogbo wa mọ bó ṣe máa ń buwọ́ lu nǹkan. Oníjàkadì ló ń yan ẹni tí yóò pe èsì ìjàkadì. Àbújá nìkan ni INEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìjọba àpapọ̀, ti ń ṣe ìdìbò káńsù, nítorí Àbújá kò ní gómìnà. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí APC wà lórí oyè ní ìjọba àpapọ̀, káńsù mẹ́fà ibẹ̀ pín sí méjì: APC gba mẹ́ta, PDP gba mẹ́ta. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ẹgbẹ́ kan náà ló ń díje, irú olùdìbò kan náà ló tò. Ọwọ́ tó ka ìbò nìkan ló yàtọ̀.

A kò sọ pé ẹni mímọ́ ni INEC. A kò gbàgbé pé lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, èsì tí wọ́n ṣèlérí pé a ó máa rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò jáde lásìkò, a sì ti sọ tiwa lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àjọ tó ń ṣàṣìṣe tí gómìnà fi ń pàdánù nígbà mìíràn sàn ju àjọ tí kì í ṣàṣìṣe fún gómìnà rí.

Ohun tí à ń béèrè yìí ti gbó nínú ìwé. Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Àgbà tẹ́lẹ̀, Muhammadu Uwais, darí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Attahiru Jega, onímọ̀ ìṣèlú tó wá ṣe alága INEC lẹ́yìn náà, jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ti kọ ọ́ sínú àbọ̀ ọdún 2008 pé kí wọ́n da àwọn àjọ ìpínlẹ̀ yìí pọ̀ mọ́ INEC. Ó ti lé ní ọdún 15. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa dé ọwọ́ wọn tààrà, kí káńsù tí ará ìlú kò yàn má sì rí owó gbà. Àwọn gómìnà gbọ́ ìdájọ́ náà dáadáa: wọ́n sáré ṣe ìdìbò. Alága tó mọ̀ pé gómìnà ló fi òun síbẹ̀ yóò ṣì gbé owó náà lọ síbi tí wọ́n bá ní kó gbé e lọ, ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé yóò sì wà láìní omi, ọjà yóò wà láìní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Àtúnṣe ìwé òfin nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì l'Ábùjá, kí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì fọwọ́ sí i, ọ̀dọ̀ àwọn ilé ìpínlẹ̀ yìí la sì mọ̀ pé yóò há sí. Nítorí náà, àwọn ni ọ̀rọ̀ wa kàn. Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó, Èkìtì: ọjọ́ wo ni ẹ máa gbé àbá náà kalẹ̀, kí ẹ dìbò lórí rẹ̀ ní gbangba, kí a pe orúkọ ọmọ ilé kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbọ́ ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni àti ẹni tó ní rárá?