Ta Ni Mò Ń Sanwó Iná Fún?

Inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò. Ilé tí mò ń gbé yìí ti sú mi. Tí àsìkò òtútù bá ti wọlé dé báyìí, ooru tí mo fi owó ara mi rà kì í dúró tì mí. Bí mo bá pa híítà kí n lọ wẹ̀, kí n tó jáde nílé ìwẹ̀, yàrá ti tutù padà. Híítà oníkílówáàtì 2, ẹ tàn án fún wákàtí 5, ó ti jẹ yúníìtì 10. Síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń gan. Àfi bí ẹni ń fi agbọ̀n pọnmi.

Ẹ wá wo fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Gíláàsì ẹyọ kan, fẹ́lẹ́. Tílẹ̀ bá fi máa mọ́, omi á ti sẹ̀ sí i lára, á ṣàn dé orí férémù. Igi férémù ọ̀hún ti ń jẹrà, ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti bu, ó dúdú. Mo tan tùràrí, mo gbé e sún mọ́ etí fèrèsé náà. Èéfín tó ń lọ sókè jẹ́jẹ́ kàn ṣẹ́rí lójijì, ó dorí kọ àárín yàrá. Atẹ́gùn tútù ló ń tì í.

Mo pe onílé. Kí ló sọ? "Ẹ wọ súẹ́tà sí i." Súẹ́tà! Àwọn ọmọ tó ti ń wọ súẹ́tà sùn! Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìwọ̀n 18 lórí Sẹ́síọ́ọ̀sì lélẹ̀ fún inú ilé lásìkò òtútù, torí ìlera. Tèmómítà yàrá àwọn ọmọ mi ń ka 14.

Mo mọ ohun tí kò jẹ́ kó kán an lójú. Ẹni tó ni òrùlé kọ́ ló ń sanwó iná, ẹni tó ń sanwó iná kọ́ ló ni òrùlé. Tí ooru bá jáde, àpò tèmi ló ń jò.

Kò sì sí ohun tó yẹ kí ayálégbé ṣe tí mi ò ṣe. Mo lẹ fóòmù mọ́ etí fèrèsé, mo lẹ rọ́bà mọ́ ìdí ilẹ̀kùn, mo ra kọ́tìnì tó nípọn, mo sì ń fà á dí kílẹ̀ tó ṣú. (Ihò afẹ́fẹ́ ilé ìdáná nìkan ni mi ò dí, torí ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ ríbi jáde.) Ṣùgbọ́n òkè ni ooru ń lọ, òkè àjà wa sì ṣófo, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju pákó lọ. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń yọ́ jáde lókè, bẹ́ẹ̀ ni tútù ń wọlé nísàlẹ̀ láti dípò rẹ̀. Tí wọ́n bá tẹ́ òwú gíláàsì (gíláàsì tí wọ́n sọ di fọ́nrán bí òwú) tó nípọn sókè àjà, á há afẹ́fẹ́ mọ́ inú ara rẹ̀, ooru ò ní ráyè sá lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn mi ò gbà kí n kan ìṣó mọ́ ògiri, ṣé òrùlé ni mo wá fẹ́ lọ tú?

Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn tún ń dá kún un. "Yọ ṣájà fóònù kúrò lára ògiri." Iná tí ṣájà lásán ń jẹ ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti híítà! Ẹ yé di ẹ̀bi ilé tó ń jò ru ẹni tó ń gbénú ẹ̀. Ẹ kọjú sí onílé!

Lẹ́tà rẹ̀ tún wá dé: owó ilé máa lé. Fún kí ni? Tó bá fẹ́ owó tuntun, kó gbé àkàbà wá, kó gun òkè àjà, kó tẹ́ òwú síbẹ̀, kó sì pààrọ̀ gíláàsì ẹyọ kan yìí sí onípele méjì. Kó tó ṣe é, kó má kọ lẹ́tà sí mi mọ́.