Irọ́ ni pé ẹni tí kò wọ òkun ti bọ́ lọ́wọ́ red tide

Red tide ni ìgbà tí ohun ẹlẹ́mìí olóró kan tójú lásán kò rí bá gbilẹ̀ nínú òkun, tí omi fi lè pọ́n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé èyí tó máa ń dé etíkun ìwọ̀ oòrùn Florida, ní Amẹ́ríkà, kò lè rí ẹni tí kò wẹ̀ nínú òkun gbé ṣe. Wọ́n ní iyọ̀ àti omi lásán ló wà nínú atẹ́gùn òkun. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Ohun tó ń gbé inú omi wà lára ohun tí ìgbì ń tú sáfẹ́fẹ́. Ní Mace Head, ní Ireland, ìwádìí tó jáde ní 2004 fi hàn pé nígbà tí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tójú lásán kò rí bá gbilẹ̀ lójú òkun, ohun tó ti ara wọn wá máa ń kó ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n àwọn hóró inú afẹ́fẹ́ tó kéré ju máíkírómítà 1 lọ (ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Nígbà òtútù, ìdá 15 péré ni.

Ní Florida, ohun ẹlẹ́mìí tó ń jẹ́ Karenia brevis ló ń fa wàhálà. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀, kò sì ní èèpo líle, nítorí náà bí ìgbì bá lù ú, á fọ́, oró rẹ̀ tó ń jẹ́ brevetoxin á dà sínú omi. Oró yìí fẹ́ràn ọ̀rá ju omi lọ. Bí afẹ́fẹ́ tí ìgbì pò mọ́ omi bá ti ń hó ìfófòó gòkè, oró á lẹ̀ mọ́ ọn. Ìfófòó á bẹ́, á ta ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́ sókè, omi á gbẹ, iyọ̀ àti oró á kù nínú afẹ́fẹ́. Àwọn hóró yìí sábà máa ń fẹ̀ tó máíkírómítà 7 sí 9, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ wọn fi ń há sí imú àti ọ̀fun. Ikọ́ dé nìyẹn, ojú á sì máa ta.

Ẹ má dúró de ìgbà tí omi máa pọ́n o. Sẹ́ẹ̀lì Karenia brevis 10,000 nínú lítà omi kan ti tó láti mú ènìyàn wúkọ́, bẹ́ẹ̀ omi náà ṣì lè mọ́ lójú. Ibi tó bá ti lé ní 100,000 ni ẹja ti sábà ń kú.

Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ wò. Bó bá ń ti òkun bọ̀, ẹ kúrò létí omi. Bó bá ń ti ilẹ̀ lọ sókun, ẹ lè dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi kan náà láìwúkọ́. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìn díẹ̀ náà kò bọ́, torí wọ́n ti rí oró yìí nínú afẹ́fẹ́ níbi tó tó kìlómítà 4 sí etíkun. Ẹ ti fèrèsé, ẹ tan ẹ́sì, ẹ sì rí i pé asẹ́ rẹ̀ kò dọ̀tí. Ẹni tí ara rẹ̀ le, ara rẹ̀ sábà máa ń balẹ̀ bó bá ti kúrò níbẹ̀, àmọ́ ìnira ẹni tó ní ikọ́ fée lè pẹ́ kó tó lọ, kódà lẹ́yìn wákàtí kan péré létí òkun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìnhélà rẹ̀.